Ta ló ni iṣẹ́ tí ẹ̀ka mẹ́ta jọ ṣe? Àlàyé lórí ohun tó ń dí business school lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú, pàápàá àwọn tó ní ọmọ ní yunifásítì àti àwọn tó ń ronú àtilọ ṣe MBA, ìyẹn máàsítà nínú ìmọ̀ òwò. Wọ́n á ní ṣebí ilé ìwé òwò ni business school, òwò ò sì pín ara ẹ̀ sí kíláàsì kíláàsì, ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ò lè sọ pé àárọ̀ Mọ́ńdè lòun fi ń ṣe Accounting kí ọ̀sán Tọ́sìdeè jẹ́ ti Marketing, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe pọ̀ lójú kan náà, kí wá ló dé tí àwọn tó ń kọ́ wa lówò fi gé e wẹ́wẹ́ báyẹn, tí ẹni tó mọ̀ nípa owó ò mọ̀ nípa èèyàn, tí ẹni tó mọ̀ nípa èèyàn ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ? Àwọn kan á ní ìgbéraga ló ń ṣe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò ní sọ pé ìgbéraga ò sí níbẹ̀ o, ó wà dáadáa, àmọ́ òun kọ́ ni igi wọ́rọ́kọ́ tó ń da iná rú. Bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ fún olùkọ́ ló ń da iná rú. Tí iṣẹ́ kan bá ti jẹ́ ti gbogbo ẹ̀ka, ẹ máa rí i pé kò sí ẹ̀ka kankan tó máa kà á mọ́ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Tẹ́ẹ bá wo ìwé ìpolówó MBA, Accounting wà níbẹ̀, Marketing wà, Economics, Statistics, òfin díẹ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ̀kọ́ àwọn kárí gbogbo ẹ̀ka. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé olùkọ́ mẹ́fà ń wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú á sọ tiẹ̀, á jáde, kò mọ ohun tí ẹni tó ṣáájú ẹ̀ sọ. Orí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni gbogbo ẹ̀ ti ń pàdé, bó bá rí i tò pọ̀, ó dáa, bí ò bá rí i tò, ó ṣì máa gba sátífíkéètì náà ni. Èyí tí mò ń sọ níbí yàtọ̀ síyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni kí àwọn tó mọ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan yí ti ẹnìkejì padà, débi pé ìdáhùn tó máa jáde, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dá mú un wá. Èyí ló ṣọ̀wọ́n.

Abẹ́òkúta la wà, adìrẹ la mọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ṣe é. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ dúró níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Tẹ́rù funfun ni wọ́n á kọ́kọ́ ta àbẹ́là tó ti yọ́ sí lára, wọ́n á po dáì mọ́ kọ́sítíìkì sódà àti háídírò nínú abọ́ ńlá, òórùn ẹ̀ á máa ta èèyàn nímú, àwọn míì wọ ìbọ̀wọ́, àwọn míì ò wọ̀, tí wọ́n bá sì ṣe tán, omi yẹn á gba gọ́tà lọ. Aṣọ á jáde, wọ́n á fọ àbẹ́là kúrò lára ẹ̀, wọ́n á sá a, á dùn ún wò. Ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e, aṣọ míì wà níbẹ̀ tó jọ ọ́ bí ìbejì, àmọ́ ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ṣáínà, ẹnikẹ́ni ò jó lọ́wọ́ nítorí ẹ̀, owó ẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Oníbàárà tó wá láti Èkó á gbé méjèèjì dání, tó bá gbọ́n á yí ẹ̀yìn wọn wò, torí èyí tí wọ́n pa láró, àwọ̀ ẹ̀ wọlé dé ẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ sábà máa ń ṣì. Ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé ó yẹ káwọn yí i wò.

Ìbéèrè kan péré wá rèé: báwo ni ìyá tó ń ṣe ojúlówó ṣe máa jèrè, tí ò ní jẹ gbèsè, tí iṣẹ́ náà ò sì ní bà á lára jẹ́? Ẹni tó mọ kẹ́mísìrì ló máa sọ irú dáì tí ò ní tètè ṣì àti bí wọ́n ṣe lè tọ́jú omi ẹ̀ kó tó dé gọ́tà. Àmọ́ tó bá ní kí wọ́n yí dáì padà láìmọ iye tó máa fi kún owó aṣọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan lọ́jà. Ẹni tó mọ ìṣirò owó ló máa bi ìyá náà pé ṣé ó ka òógùn ara ẹ̀ àti ti àwọn ọmọ tó ń bá a di aṣọ mọ́ iye tó ná, ọ̀pọ̀ ò kà á rí. Ẹni tó mọ ọjà títà ló máa wádìí bóyá àwọn ará Èkó máa san owó lé e tí wọ́n bá mọ ojúlówó yàtọ̀. Lọ́yà ló máa sọ bóyá òfin lè dáàbò bo bátànì kan, ẹni tó mọ ìtàn ló sì máa sọ ẹni tó ni bátànì náà ṣáájú. Tẹ́ẹ bá yọ ẹnìkan kúrò nínú wọn, ìdáhùn náà á já.

Ẹ wá wò ó o, gbogbo wọn ló wà nílùú yìí. Chemistry wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Alábàtà. Accounting àti Marketing wà ní MAPOLY, pólì Moshood Abiola, ní Òjéèrè. Àwọn olùkọ́ òfin wà ní yunifásítì Crescent. Ẹni tó bá gbéra láàárọ̀, tí gósílóò ò bá dè é mọ́lẹ̀, á dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀nà jíjìn ò sí níbẹ̀, ìmọ̀ ò sì wọ́n wọn.

Ká tó dé ibi tí wàhálà wà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí business school ṣe di ohun tó dà, torí ọ̀pọ̀ rò pé bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwé òwò Wharton bẹ̀rẹ̀ ní 1881, ti Harvard dé ní 1908, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ MBA. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni nírú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rí, ohun tójú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó di 1959, ìròyìn méjì jáde lọ́dún kan náà, àjọ Ford Foundation ló sanwó ọ̀kan, àjọ Carnegie Corporation sanwó ìkejì, àwọn ìròyìn méjèèjì sọ pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò jinlẹ̀, pé ìtàn ọjà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìwádìí. Ojú ti àwọn ilé ìwé yẹn. Ni wọ́n bá ki eré mọ́lẹ̀, wọ́n lọ kó àwọn tó gba PhD nínú Economics, nínú Psychology, nínú ìṣirò wá. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí gbogbo ìmọ̀ wọ̀nyí pàdé sídìí òwò, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbì kan kí ìròyìn méjèèjì tó jáde: ní ilé ìwé gíga Carnegie ní ìlú Pittsburgh, níbi tí wọ́n ti ṣí business school tiwọn ní 1949, Herbert Simon wà níbẹ̀, ẹni tó gba PhD ẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣèlú, tó gba Turing Award tàwọn oníkọ̀ǹpútà ní 1975, tó tún gba Nobel nínú Economics ní 1978. Ẹnì kan ṣoṣo o.

Àmọ́ lọ́pọ̀ ibi tó kù, ohun míì ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wá láti Economics mú jọ́nà Economics dání, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ti ń gbé ìwádìí wọn jáde, ẹni tó wá láti Psychology mú ti wọn dání, kálukú kọ́ ilé tiẹ̀ sínú ilé ńlá náà, wọ́n fi ìpàdé tiwọn, jọ́nà tiwọn àti ìdánwò PhD tiwọn mọ odi yí i ká. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe kí ìmọ̀ lè pàdé ló di odi fún wọn. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà torí ó fi hàn pé kò sẹ́ni tó jókòó pète àtiya àwọn èèyàn yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì níbi tí wọ́n ti ń ṣe promotion. Ká ní olùkọ́ Chemistry kan, olùkọ́ Marketing kan àti olùkọ́ Accounting kan jọ lọ sí Ìtòkú, wọ́n ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n kọ pépà kan jáde. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, pépà tó bá jẹ́ ẹnìkan ló dá kọ ọ́, máàkì ẹ̀ pé fún un. Tí wọ́n bá ti di méjì tàbí mẹ́ta, máàkì á máa dín, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ṣáájú ló máa mú ibi tó tóbi, ẹni tó gbẹ̀yìn á mú èyí tó kù. Àwọn tó fi oṣù gbáko rìn lọ rìn bọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ní láti kọ́ èdè ara wọn kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á wá rí máàkì tó kéré sí ti ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀ tó pín kúẹ́ṣọ́níà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, fọ́ọ̀mù promotion nìkan ni ò tíì gbọ́.

Ìyẹn ò tíì tán. Jọ́nà wo ni wọ́n fẹ́ fi pépà náà ránṣẹ́ sí? Tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà Marketing, wọ́n á ní kẹ́mísìrì ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ yọ ọ́. Tí wọ́n bá gbé e lọ sí ti kẹ́mísìrì, wọ́n á bi wọ́n pé kí ni kúẹ́ṣọ́níà ń wá níbí. Ká ní jọ́nà kan tó jẹ́ ti aṣọ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá gbà á, kọmití Accounting á gbé e yẹ̀ wò, wọ́n á ní jọ́nà dáadáa ni o, àmọ́ kì í ṣe ti ẹ̀ka wa. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ àtidi ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á kó ìwé ẹni náà ránṣẹ́ síta sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n míì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn yẹn á sì jẹ́ ti ẹ̀ka kan náà, wọ́n á máa wá ohun tí wọ́n mọ̀. Tí wọn ò bá rí i, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ?

Àwọn òyìnbó náà ń jẹ nínú ẹ̀, ẹ má rò pé tiwa nìkan ni. Ní Bìrìtìkó, ìwé kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn business school máa ń gbé jáde, wọ́n fi ń to jọ́nà láti ipò 1 dé 4, àwọn tó ga jù á gba 4 pẹ̀lú ìràwọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ìwé sì ń fi í pinnu ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Ní 2012, àwọn olùwádìí kan tí Ismael Rafols ṣáájú wọn mú ilé ìwádìí mẹ́ta tó máa ń pa ìmọ̀ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àtinúdá, wọ́n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ business school mẹ́ta tó lórúkọ. Wọ́n rí i pé àwọn tó pa ìmọ̀ pọ̀ yẹn ló wà nísàlẹ̀ tí wọ́n bá fi ìwé ipò yẹn díwọ̀n, torí àwọn jọ́nà tó dúró sójú kan ló pọ̀ lókè, àmọ́ tí wọ́n bá wo bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń lo iṣẹ́ wọn, kò sí ohun tó fi hàn pé iṣẹ́ wọn kéré. Òṣùwọ̀n náà ló wọ́. Tí ọmọdé olùkọ́ bá sì ti mọ̀ pé òṣùwọ̀n wọ́, kì í bá òṣùwọ̀n jà, iṣẹ́ tó máa wọ̀n dáadáa ló máa lọ ṣe, ìyàwó àti ọmọ ló ń bọ́, ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ owó ìwádìí náà ò yàtọ̀. Ní Ọsirélíà, àwọn mẹ́ta kan yẹ ìwé ìbéèrè owó 18,476 wò tí wọ́n kọ sí àjọ tó ń fún wọn lówó ìwádìí láàárín ọdún márùn-ún, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2016: bí ẹ̀ka tí iṣẹ́ náà pa pọ̀ bá ṣe jìnnà síra wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní àtirí owó gbà ń dín kù. Ó rọrùn láti mọ ìdí. Ẹni tó ń ka ìwé ìbéèrè náà mọ ìdajì ẹ̀, kò mọ ìdajì kejì, ó sì máa ń rọrùn láti fún ohun téèyàn ò mọ̀ ní máàkì kékeré ju kéèyàn sọ pé òun ò mọ̀. Nílé wa níbí, TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn ilé ìwé gíga lówó, ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún, nínú owó ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní National Research Fund, wọ́n ya ọ̀wọ́ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tó bá dábùú ẹ̀ka méjì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gba owó yẹn, tó ṣe iṣẹ́ yẹn tán, fọ́ọ̀mù promotion tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló máa padà wá bá nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pàápàá, torí ibẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Onímọ̀ kẹ́mísìrì á fi aṣọ mẹ́ta mẹ́ta dán dáì wò lẹ́ẹ̀kan, tí èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sún mọ́ra, ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀. Ẹni Marketing á wò ó pé mẹ́ta kẹ̀? Òun ọ̀ún tí wọn ò jẹ́ kó sinmi àfi tó bá bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn léèrè. Ẹni tó ń kọ ìtàn á wá jókòó ti ìyá àgbà kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á ní iṣẹ́ òun parí. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn, kálukú ń ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìṣòro máa ń dé lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ PhD bá lọ gbèjà ìwé ẹ̀, tí ẹni tó wá láti ìta bá bi í pé "hypothesis ẹ dà?" nínú iṣẹ́ tí ò nílò hypothesis, ìyẹn àbá téèyàn fẹ́ dán wò, rárá.

Ti ẹ̀kọ́ kíkọ́ wá ńkọ́? Ìdènà ibẹ̀ kéré lójú ṣùgbọ́n ó le bí òkúta. Ká ní olùkọ́ méjì fẹ́ jọ máa kọ́ kọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ òwò adìrẹ. Kóòdù ẹ̀ka wo ni wọ́n fẹ́ fún kọ́ọ̀sì náà? Tó bá ní wákàtí mẹ́ta, ṣé kálukú máa gba wákàtí mẹ́ta ni àbí wákàtí kan àtààbọ̀, torí ọ̀rọ̀ wákàtí yẹn ló ń fi hàn bóyá ẹ̀ka kan nílò olùkọ́ sí i. Ta ló máa fọwọ́ sí èsì? Ìpàdé lórí ìbéèrè wọ̀nyí nìkan lè gba sáà ẹ̀kọ́ kan, mi ò sì ṣàsọdùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń wo ilé ìwé láti ìta náà wà níbẹ̀. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, máa ń wá ṣe accreditation, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ̀kọ́ náà kún ojú òṣùwọ̀n, lẹ́ka lẹ́ka, wọ́n á ka olùkọ́ tó jẹ́ ti ẹ̀ka náà gan-an. Àwọn ICAN, ẹgbẹ́ àwọn àkáúńtáǹtì, náà máa ń yẹ Accounting wò, torí káwọn ọmọ tó bá jáde lè fo díẹ̀ nínú ìdánwò ICAN. Mi ò bá wọn jà o, ta ló fẹ́ àkáúńtáǹtì tí ò mọ ìṣirò? Àmọ́ bí wọ́n bá ṣe kó kọ́ọ̀sì tó pọndandan kún tábìlì tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè ń há. CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC gbé jáde lópin 2022, dín in kù díẹ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni NUC pinnu, wọ́n fi ìdá 30 tó kù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fi ohun tó bá ilé wọn mu sí i. Ìdá 30 yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí òwò adìrẹ, òwò gààrí, òwò ẹja wà. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló máa fi kún tiẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà míì, àṣẹ láti òkè ló máa ya wọ́n. Ará Abẹ́òkúta ò tíì gbàgbé ti bí 2017, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn yunifásítì àgbẹ̀ jáwọ́ nínú kọ́ọ̀sì bíi Accounting àti Business Administration, tí ọ̀rọ̀ náà kan kọ́lẹ́ẹ̀jì management ní FUNAAB. Mo mọ ohun tó ń dun ìjọba: ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 nítorí iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn ọmọ ń wá síbẹ̀ gba Accounting, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́. Ó yé mi. Àmọ́ àgbẹ̀ ló tún nílò ẹni tó mọ owó jù, wọ́n sì ti jọ wà nínú ọgbà kan náà kí àṣẹ yẹn tó dé. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí wọ́n ṣe lè pa wọ́n pọ̀, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ta ló yẹ kó kúrò.

Àwọn tó gbìyànjú wà. Yale tú MBA wọn palẹ̀ ní 2006, dípò kọ́ọ̀sì Marketing àti Finance ní oríṣiríṣi, wọ́n ṣe kọ́ọ̀sì tó dá lórí àwọn tí onílé iṣẹ́ ń bá pàdé: oníbàárà, olówó ìdókòwò, òṣìṣẹ́, orogún lọ́jà, ìjọba àti ìlú. Olùkọ́ láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jọ kọ ọ́ pọ̀. Ẹ rántí pé owó wà lọ́wọ́ wọn láti san fún olùkọ́ méjì nínú kíláàsì kan. Ní ibi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ ọmọ tó kún gbọ̀ngàn, tí iná ò sí, tí wọ́n ti jẹ ẹ́ lówó oṣù, ẹ ò lè ní kó lọ pín kíláàsì ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ tí àwọn òbí ò mọ̀ ni ti ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń fẹ́ kí dígírì àkọ́kọ́, ìkejì àti PhD olùkọ́ wà lójú ìlà kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá fi kẹ́mísìrì bẹ̀rẹ̀, tó wá lọ gba PhD nínú business, irú ẹni tí òwò adìrẹ ń wá gan-an, àwọn business á ní kì í ṣe tiwọn, àwọn kẹ́mísìrì á ní ó ti fi àwọn sílẹ̀. Ìdí nìyí tẹ́ẹ fi máa rí i pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹni tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tán, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi máàkì dí mọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo ìbéèrè ló nílò èèyàn márùn-ún o. Ẹni tó fẹ́ mọ bí owó orí ṣe ń kan ilé báńkì, kó jókòó sídìí Accounting ẹ̀, ó tó. Àwọn kan sì wà tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ gbogbo ẹ̀ka, tí wọn ò mọ ìkankan délẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún wọn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ lọ ṣe máàsítà tàbí PhD níbi tí wọ́n ti sọ fún yín pé ẹ̀ka méjì ló jọ ni ín, ẹ bèèrè kẹ́ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù: ẹ̀ka wo ló máa fọwọ́ sí èsì yín? Ṣé olùdarí iṣẹ́ yín méjèèjì ló máa gba máàkì lórí yín, àbí ẹnìkan ni, tí ìkejì kàn ń ranni lọ́wọ́? Torí ẹni tó kàn ń ranni lọ́wọ́, lọ́dún kejì, tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ní gbé fóònù yín mọ́. Kí wọ́n kọ ìdáhùn yẹn sínú ìwé, kí ọ̀gá ẹ̀ka méjèèjì buwọ́ lù ú, kẹ́ẹ sì ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ pamọ́, torí ọ̀gá ẹ̀ka máa ń yí padà, ẹni tuntun tó bá dé á ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀.